Mbárí Mbáyọ̀: Ìdí tí Ẹgbẹ́ Wa fi Níláti Jáde Lọ Gbọ́ Ìlù kí a sì Wo Iṣẹ́ Ọnà

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Èmùrè-Ilé)

 

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, akọ̀wé dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ háyà ọkọ̀ kan, kí a gbéra láti Èmùrè-Ilé lọ sí Òṣogbo, láti fetí gbọ́ ìlù àti láti wọ ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà kí a rí wọn lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà náà ni ìjòyè kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi dìde, tí ó ní, "Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó àríyá. Kí ni àgbàlagbà ń wá ní ìdí ìlù àti ní ẹ̀yìnkùlé agbẹ́gilére?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́, Alága sì pàṣẹ pé kí èmi wá fèsì lónìí. Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ẹni tí yóò ná owó àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé.

Èsì mi kò ju ọ̀kan lọ. Iṣẹ́ ọnà tí àwọn ará ìlú kò bá lọ wò níbi tí a ti ń ṣe é, kì í pẹ́ tí kò fi ní sí ẹni tí yóò máa ṣe é mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Òṣogbo kí ọkọ̀ tó gbéra. Dúró Ládípọ̀, tí a bí ní 1931, ọmọ olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà ni. Ní 1961 ó kọ orin Àjíǹde fún ìjọ kan, ó sì mú ìlù ilẹ̀ wa wọ inú orin náà. Àwọn kan fajúro. Wọ́n ní irú ìlù bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ilé Ọlọ́run. Èmi tí mo jẹ́ oníwàásù kò lè sọ ìtàn yìí láìtẹrí ba, nítorí irú wa ni ó lé ìlù jáde. Ṣùgbọ́n ìlù tí a lé jáde kò dákẹ́. Ní 1962, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, Ládípọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ di ilé ẹgbẹ́ fún eré, orin àti àwòrán. Mbari ni a pè é, ọ̀rọ̀ Ìgbò tí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé kan ní Ìbàdàn ti ń jẹ́ láti 1961. Etí Yorùbá ni àwọn ará Òṣogbo fi gbọ́ ọ; wọ́n sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀, èyíinì ni pé, bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn.

Ẹ wo bí ìlú ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ àjèjì sí ọgbọ́n! Rírí ni ó ṣáájú, ayọ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Nínú ilé kan náà ni ìlù ti ń dún tí ọ̀dà sì ń gbẹ lára pátákó. Nígbà tí Georgina Beier kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní 1964 láti ya àwòrán, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé ni ó pè. Mùráínà Oyèlámì, ará Ìràgbìjí, òṣèré àti onílù ni. Nígbà tí ó yá, ìlú rẹ̀ fi í joyè Ẹ̀ẹ́sà. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ni ó ń tọ́jú iná fún ẹgbẹ́ òṣèré Ládípọ̀. Ijó ni ó gbé Twins Seven-Seven dé ibẹ̀. Àwọn wọ̀nyí di ayàwòrán tí òkèèrè ń wá kiri. Eré Ọba Kò So, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1963, dé ìlú Berlin ní 1964. Ládípọ̀ kú ní 1978, ilé ẹgbẹ́ náà sì ti di ìtàn, ṣùgbọ́n iná ọ̀hún ràn mọ́ ilé mìíràn: ní 1983 ni Níkẹ̀ẹ́, ọmọ Ògìdì, dá ibùdó tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti aró láìgba owó.

Nísisìyí mo fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ara mi. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ di olùkọ́, ọmọ agbẹ́gilére kan wà ní kíláàsì mi. Lọ́jọ́ kan ó mú ère kékeré kan tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ wá hàn mí. Mo ní kí ó gbé e kúrò níwájú mi, pé ìwé ni a wá kà. Kò jiyàn, ó kàn rọra fi í sí ìsàlẹ̀ àpò ìwé rẹ̀. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ogún ọdún, mo lọ bá baba rẹ̀ pé kí ó bá wa gbẹ́ pẹpẹ tí a óò máa gbé Bíbélì lé. Ojú baba ti ṣe bàìbàì. Ó ní, "Olùkọ́, ọjà ti tú kí ẹ tó dé. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n. Ọmọ tí ìbá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi, ìwé ni ẹ gbé lé e lọ́wọ́." Kò fi ìbínú sọ ọ́, èyí ni ó sì dùn mí jù. Akọ̀wé ni ọmọ náà ní Èkó lónìí, ó ń jẹ, ó ń mu. Ṣùgbọ́n ìlà iṣẹ́ tí ó ti ọ̀dọ̀ baba ńlá rẹ̀ wá ti já, ọwọ́ mi sì wà níbẹ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ìbọ̀rìṣà ńkọ́? Mo fèsì pé Besaleli, ẹni tí ó ṣe ọnà sí àgọ́ Olúwa, oníṣẹ́ ọnà ni. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà ṣí ilé iṣẹ́ kan ní 1947, níbi tí Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ógun ará Ọ̀sì, ti gbẹ́ igi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá, ti kọ́ṣẹ́, ìmàle tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìjọsìn onígbàgbọ́. Ọ̀bẹ kò bèèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Òṣogbo nìkan ni ọnà wà. Eyín erin tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ gbẹ́ ní ayé àtijọ́ wà ní ilé ìṣúra ńlá ti London. Ní 1971, nígbà tí Ekpo Eyo wú ilẹ̀ ní Igbó Lájà, orí amọ̀ tí ó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ láti nǹkan bí 1400 sí 1500 ni ó jáde. Nígbà ọdún Ìgógò, tí a ń ṣe fún ìrántí Ayaba Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, ìlù a dákẹ́, agogo nìkan ni yóò máa dún káàkiri ìlú. Bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ̀ bí orin ti rí láìsí ìlù, Ọ̀wọ̀ ni kí ó wá. Ìtìjú ńlá ni pé àjèjì ń la òkun kọjá láti wo ohun wọ̀nyí, àwa tí ó wà ní ìtòsí kò sì yà wò wọ́n.

Nítorínáà mo bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan mẹ́ta. Èkínní, kí ọkọ̀ náà gbéra, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù wa san ìdajì owó rẹ̀ láti àpò ara rẹ̀, kí ẹ̀sùn àríyá lè tán. Èkejì, kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan mú ọmọ kan dání, kí ọmọ náà jókòó ti oníṣẹ́, kí ó wo ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì bi í léèrè. Kí àgbà náà pẹ̀lú ra nǹkan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, nítorí ìyìn nìkan kì í sin oúnjẹ lọ́fun. Ẹ̀kẹta, kí ó tó di àmọ́dún, kí a bẹ àwọn obìnrin ahunṣọ, àwọn agbẹ́gilére àti àwọn onílù tí ó kù ní Èmùrè àti ní agbègbè Ọ̀wọ̀, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn wọn fún ọjọ́ kan, kí àwọn ẹlòmíràn sì wá wò wá.

Ní ti èmi, mo ti mọ ẹni tí n ó mú dání. Akọ̀wé tí ó wà ní Èkó ní ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo ti kọ̀wé sí i pé kí ó fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi nígbà ìsinmi, ó sì ti gbà. Bí ọmọ náà bá mú ère hàn mí, n ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọjà tú lójú wa.