TA NI YÓÒ SAN OWÓ FỌ́TÒ TÓ DÚDÚ?

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ láti ẹ̀ka ìtẹ̀wé sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́

Alága ti kìlọ̀ pé kí á má fa ọ̀rọ̀ gùn, nítorí pé àwọn tó máa wakọ̀ lóru wà níjokòó. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá jẹ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò kan òun. Owó oṣù ló wà ní ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ mọ géèjì epo. Bí géèjì bá ní epo kún dé ìdajì, tí ọkọ̀ sì dákú lórí afárá Third Mainland, ṣé awakọ̀ ni a ó bá wí ni, àbí géèjì? Irú ẹjọ́ yìí gan-an ló dé bá wa ní ẹ̀ka ìtẹ̀wé lọ́dún tó kọjá.

Ìdílé kan gbé iṣẹ́ wá: ìwé ìrántí ìyá wọn tó di olóògbé, 500 ẹ̀dà, fọ́tò kún inú rẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń ṣètò fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà ṣe é, ó dára lójú rẹ̀, ó sì dára lójú ọ̀gá tó wá wò ó. Nígbà tí iṣẹ́ jáde lórí bébà, ojú ìyá náà dúdú bí ìdí ìkòkò, aṣọ ẹbí tó jẹ́ búlúù sì ti di elésè àlùkò. Àwọn ọmọ olóògbé kò gbà á. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa gé òfò náà lára owó oṣù ọmọkùnrin yìí fún oṣù mẹ́fà. Wọ́n ti gé ti oṣù kìíní kí á tó gbọ́.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ bébà, wọn kò tíì gbọ́ ti ojú kọ̀ǹpútà. A lọ wo ibi tí ọmọkùnrin náà ń jókòó sí. Fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn tó ń wọlé ń kọlu ojú kọ̀ǹpútà, òun náà sì ti fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òpin kí ó lè ríran. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú u kúrò nínú páálí, ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n rí.

Àwa tí a ka ìwé mẹ́fà, tí a fi ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ kún un, a ní láti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè kí ó tó yé wa. Ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni iná. Pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni iná inú rẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń pò pọ̀ di gbogbo àwọ̀ tí à ń rí níbẹ̀. Bébà kò ní iná kankan; ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí i lára ló ń dá padà, íǹkì cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú ni à ń tẹ̀ sí i. Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà fẹ́ kí ó dán lójú oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló ń jáde pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó tó candela 250 tàbí 300 fún mítà kan níbùú lóòró. Iṣẹ́ fọ́tò tí a ó tẹ̀ sórí bébà kì í sábà fẹ́ ju 80 sí 120 lọ. Ẹ wá wò ó: ẹni tó jókòó síwájú iná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ yóò máa rí fọ́tò tó dúdú bí ẹni pé ó mọ́lẹ̀. Kò ní fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sì mọ iná ojú kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà nínú fáìlì ló ń tẹ̀.

A yá ẹ̀rọ òṣùwọ̀n àwọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní colorimeter, lọ́wọ́ ayafọ́tò kan ní Ṣómólú. Ó kéré, ó wọ inú àtẹ́lẹwọ́. A tan kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú kí ó lè móoru, a fa aṣọ ojú fèrèsé, a sì so ẹ̀rọ náà kọ́ kí ó fara kan ojú kọ̀ǹpútà. A dín ìmọ́lẹ̀ kù sí 120, a fi funfun sí 6500 K, a fi gamma sí 2.2. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ ń wọ̀n wọ́n, ó ń fi èyí tí ó rí wé èyí tí ó yẹ kí ó rí. Nígbà tí ó parí, ó kọ àkọsílẹ̀ kan sínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní profile ICC. Láti 1993 ni àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti ti fọ́tò ti fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ìlànà yìí, kí àwọ̀ kan náà má baà máa jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni a ní kí ọmọkùnrin náà ṣí fáìlì ìyá olóògbé. Ojú ìyá dúdú lójú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ó ti dúdú lórí bébà. Ọ̀gá wà níbẹ̀. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo bébà, kò sọ̀rọ̀.

Ti búlúù yàtọ̀, a kò sì ní purọ́ fún yín. Òṣùwọ̀n kò lè fún íǹkì ní ohun tí kò ní. Búlúù kan wà tó máa ń dán lójú kọ̀ǹpútà tí íǹkì cyan àti magenta kò lè pò jáde. Ó máa ń yà sí elésè àlùkò. Ohun tí òṣìṣẹ́ lè ṣe ni kí ó fi profile ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ti irú bébà tí ó fẹ́ lò wo fọ́tò náà lójú kọ̀ǹpútà kí ó tó tẹ̀ ẹ́, nítorí bébà tó ń dán àti èyí tí kò dán kì í mu íǹkì bákan náà. Lẹ́yìn náà kí ó tẹ ẹyọ kan, kí ó wò ó lábẹ́ iná funfun 5000 K, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù tó ń pọ́n, kí oníbàárà sì fọwọ́ sí i. Ọmọkùnrin wa kò tẹ ẹyọ kan ṣàyẹ̀wò. Ní ibẹ̀, ó jẹ̀bi, a sì sọ ọ́ fún un lójú ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ta ló dúró sí i lẹ́yìn, tó ń ké pé mọ́tò oníbàárà ti wà lẹ́nu ọ̀nà?

Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ṣe ní 1974, sọ ọ́ ní ẹsẹ̀ karùn-ún pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ dá gé owó oṣù ẹni nítorí òfò. Àfi bí òfò náà bá ti ọwọ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe tàbí àìbìkítà òṣìṣẹ́ wá, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tí òfin yàn láti mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ̀wé fọwọ́ sí i ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye tí a ó gé gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Kí ẹ̀yin kọ̀ńdọ́ tí wọ́n ń gé owó yín nítorí dígí ọkọ̀ tó fọ́ gbọ́ èyí dáadáa. A béèrè ìwé ìyọ̀ǹda náà lọ́wọ́ ọ̀gá. Kò sí. Wọ́n dá owó oṣù kìíní padà, wọ́n sì fagi lé ti oṣù márùn-ún tó kù.

Wọ́n ti ra colorimeter báyìí. A ti yí tábìlì kúrò níbi tí oòrùn ti ń kọlu ojú kọ̀ǹpútà. Ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà máa ń yí padà díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń gbó, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni à ń wọ̀n ọ́n, a sì ń kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé kan tí aṣojú òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí. Bí iná bá lọ láàárín, a ó tún bẹ̀rẹ̀ 30 ìṣẹ́jú náà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí iná wa ti rí. Ohun tó kù ni pé ọ̀gá fẹ́ kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, láìsí ófátáìmù. Àwa ní iṣẹ́ ni, àkókò iṣẹ́ ni a ó sì fi ṣe é. A ti kọ ìwé sí wọn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni ìpàdé. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ wá bá wa jókòó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.