Alumínà Wà Nínú Amọ̀



Ìkòkò alumíníọ̀mù tí ẹ ń rà lọ́jà, inú ilẹ̀ ni ó ti wá. Ìyẹ̀fun funfun kan, alumínà, ni wọ́n fi ń ṣe é. Alumínà yìí wà nínú amọ̀. Nínú amọ̀ funfun tí ó mọ́ pátápátá, ó tó kìlò 39 nínú 100.

Báwo ni a ṣe ń yọ ọ́? Iná ni àkọ́kọ́. A ó sun amọ̀ dé digírì 600 sí 800, kí omi tí ó so mọ́ ọn lè jáde. Bí iná bá kéré, ásíìdì kò ní ràn án. Bí ó bá pọ̀ jù, amọ̀ á tún le. Lẹ́yìn náà, a ó sè é nínú ásíìdì. Alumínà á yọ́ sínú rẹ̀. A ó sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ ògì, a ó sì sun ohun tí ó wà nínú omi rẹ̀ títí yóò fi di ìyẹ̀fun.

Ẹ má dán an wò nílé o! Ásíìdì ń jó ara, ó ń fọ́ ojú.

Ásíìdì wọ́n, ó sì ń jẹ irin. Nítorí náà, òkúta bọ́síìtì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò. Gínì ní in púpọ̀. Ní ọdún 1960, ilé iṣẹ́ alumínà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní Fria níbẹ̀. Síbẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú bọ́síìtì Gínì ń lọ sókè òkun láìṣe iṣẹ́ kankan sí i.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ta amọ̀ kò lè jèrè tó ẹni tó ta ìkòkò.