Ẹ Jẹ́ Kí Omi Fúnra Rẹ̀ Pe Fáànù: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ṣì Ń Wa Ọkọ̀ Àtijọ́

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni màá sọ, torí pé oníròyìn ni mí. Mo ní rárá. Ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ wo ìta gbọ̀ngàn yìí. Mo ka Peugeot 504 mẹ́rin, Mercedes àtijọ́ méjì àti Beetle kan. Ẹni tó ni Beetle lè máa jẹ móínmóín rẹ̀ lọ ní tirẹ̀, atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, kò ní rédíétọ̀ rárá. Ẹ̀yin yòókù ni mò ń bá wí.

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Pólì ni mo ti kàwé, iṣẹ́ ìròyìn ni mo sì kọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oníròyìn a máa béèrè ọ̀rọ̀, mo sì ti jókòó pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ríwáyà tó mọ iṣẹ́ àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ìyàtọ̀ wọn pọ̀.

Peugeot 504 jáde nílẹ̀ Faransé ní 1968. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ nílẹ̀ wa. Ọdún yẹn náà ni owó Udoji wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin olùkọ́ wa sì mọ ohun tẹ́ ẹ fi ra. Ọkọ̀ náà lágbára, ọ̀nà burúkú kò já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀. Ohun tó tètè ń pa á ni ooru. Irin ni ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀, alumíníọ̀mù ni tọ́ọ̀pù rẹ̀. Bí omi bá hó gbẹ lẹ́ẹ̀kan péré, tọ́ọ̀pù lè wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ọ́ìlì. Ibi tí ọ̀pọ̀ 504 ti di ilé adìyẹ nìyẹn.

Kí ni fáànù wà fún gan-an? Omi ń gba inú ẹ́ńjìnnì kọjá, ó ń gbé ooru wá sínú rédíétọ̀, atẹ́gùn á wá gbà á lọ. Bí ọkọ̀ bá ti ń sá bí 60 kìlómítà ní wákàtí, eré rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń kó atẹ́gùn wọlé, fáànù kò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ mọ́. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ la ti nílò rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá wo fáànù tí bẹ́lìtì ń yí. Nígbà tẹ́ ẹ dúró, ẹ́ńjìnnì ń rọra yí, òun náà ń rọra yí. Nígbà tẹ́ ẹ dé ọ̀nà márosẹ̀ tí ẹ kò nílò rẹ̀, ó ń han bí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ wa ní físíìsì á bá mi jẹ́rìí: bí fáànù bá yára ní ìlọ́po méjì, agbára tó ń gbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́jọ. Epo yín ló ń san owó rẹ̀.

Àwọn Faransé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fáànù tí wọ́n fi sí 504 ní mágínẹ́ẹ̀tì oníná. Bí omi bá gbóná tó, mágínẹ́ẹ̀tì á gbá fáànù mú, bẹ́lìtì á máa yí i. Bó bá tutù, á tú u sílẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ nígbà tí mágínẹ́ẹ̀tì bàjẹ́ tí ojúlówó kò sí mọ́, àwọn ará ilé wa dè é pọ̀ kó máa yí láìdúró. Nígbà tó yá, wọ́n yọ ọ́ dànù, wọ́n ra fáànù oníná tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀, wọ́n fi rọ́bà so ó mọ́ ara rédíétọ̀, wọ́n fa wáyà kan wá láti ibi kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ti dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó parí.

Kò parí o. Fáànù bẹ́ẹ̀ lè jẹ 15 áńpíà, ìgbà tó bá kọ́kọ́ tàn sì ni ó ń jẹ jù. Ibi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àtijọ́ kò ṣe é fún irú ẹrù yẹn. Á gbóná, á yọ́, iná lè sọ níbẹ̀. Ẹ tún fi iná iwájú kún un lálẹ́, ẹ fi wáípà àti rédíò kún un, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra yí tí ọ́títánétọ̀ kò lè pèsè tó. Bátìrì ni yóò máa san gbèsè náà títí yóò fi kú.

Àwọn mìíràn ní ọgbọ́n mìíràn: wọ́n á ṣe súwìṣì síwájú awakọ̀, kó máa tàn án fúnra rẹ̀. Ọmọ sẹ́ẹ̀tì wa kan jogún 504 bàbá rẹ̀, súwìṣì báyìí ló wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sin bàbá náà, ọkọ̀ yẹn ló fi gbé ìyá rẹ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa rántí súwìṣì fáànù lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Wọ́n wọnú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, omi hó, ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì. Ìyá arúgbó fi ọ̀kadà dé ibi òkú ọkọ rẹ̀. N kò bá ọmọ náà wí. Ẹni tó fi irú iṣẹ́ yẹn sọ́rùn awakọ̀ ni mo bá wí.

Omi ló mọ ìgbà tó gbóná, òun ni kó pe fáànù. Súwìṣì ooru kan wà tí wọ́n ń rọ́ mọ́ ara rédíétọ̀, orí rẹ̀ á wà nínú omi. Nọ́ńbà méjì ló máa ń wà lára rẹ̀, bíi 92 àti 87: ó ń tàn ní dígírì 92, ó ń kú ní 87. Ẹ má bẹ̀rù 92. Ìdérí rédíétọ̀ tó bá ṣì le dáadáa ń di omi mọ́lẹ̀, kì í jẹ́ kó hó ní 100.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Tẹmosítáàtì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní bí dígírì 82. Nọ́ńbà tí súwìṣì fi ń kú gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ. Bó bá kéré sí i, fáànù kò ní sinmi láéláé, torí pé tẹmosítáàtì kò ní jẹ́ kí omi tutù tó bẹ́ẹ̀. Òkè, níbi tí omi gbígbóná ti ń wọlé, ni mò ń sọ. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ lẹ fi súwìṣì sí, kí nọ́ńbà rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá ní kẹ́ ẹ yọ tẹmosítáàtì dànù nítorí oòrùn ilẹ̀ wa, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó gbóná tó bó ṣe yẹ, á sì máa mu epo.

Súwìṣì kékeré yìí kò lè gbé ẹrù fáànù. Rìléè ló máa gbé e. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní, nọ́ńbà wà lára wọn. 30 ń gba iná tààrà láti bátìrì, pẹ̀lú fiúsì 30 áńpíà tó wà nítòsí bátìrì gan-an, kì í ṣe nítòsí fáànù. 87 ń lọ sí fáànù. 86 ń gba iná láti ibi kọ́kọ́rọ́, díẹ̀ báyìí ni, kò lè pa á lára. 85 ń lọ sí súwìṣì ooru, tí yóò so ó mọ́ ara ọkọ̀ nígbà tí omi bá gbóná. Wáyà tó ń lọ sí fáànù kò gbọdọ̀ tín-ín-rín, kó tó 4 mílímítà onígun mẹ́rin. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ súwìṣì síwájú awakọ̀ dandan, ẹ jẹ́ kó lè tan fáànù nìkan, kó má lè pa á. Kí gílóòbù kékeré kan sì máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí iná bá ń lọ sí fáànù.

Ní ti fáànù fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn rédíétọ̀ ló dára jù, kó máa fa atẹ́gùn wọlé, kí páálí tàbí irin yí i ká kó má fa atẹ́gùn láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ ṣe irin ìdúró fún un. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà gún gba inú rédíétọ̀ á máa gbọ̀n títí yóò fi lu ú. Mo sì ti rí èyí tí wọ́n so wáyà rẹ̀ sódì, tó ń fẹ́ atẹ́gùn padà síwájú, tó ń bá eré ọkọ̀ jà! Ẹ mú bébà kan sún mọ́ iwájú rédíétọ̀ nígbà tí fáànù ń yí. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó dára. Bó bá fò padà sí yín, ẹ pe ríwáyà.

Bí wọ́n bá ṣe é tán, ẹ má tíì sanwó. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan, kẹ́ ẹ máa wo abẹ́rẹ́ ooru. Kí fáànù tàn fúnra rẹ̀, kó kú fúnra rẹ̀, kó tún tàn. Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹ má ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, torí kò ní kìlọ̀ kó tó yí. Ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná.

Mo ti kó rìléè kan, súwìṣì ooru kan àti fiúsì sórí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n, tàbí tó bá fẹ́ ya bí wọ́n ṣe so pọ̀ sínú ìwé lọ fún ríwáyà rẹ̀, kó máa bọ̀. Mo ti mú bíírò wá.