Irúgbìn Tòmátì Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Ọ̀rọ̀ tòmátì ni, àní tòmátì ìbílẹ̀, èyí tí ara rẹ̀ pín sí ìlà-ìlà bí elégédé, tí ó kan díẹ̀, tí omi sì pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ìyá wa kì í gbé owó lọ sí ọjà nítorí rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ká a.

Àwa tí a ń gbé ní Iyaro, ní ìlú Bìní níhìn-ín, mọ̀ pé àdúgbò ọkọ̀ ni tiwa. Ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde, ohun tí ọkọ̀ bá sì gbé wá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń jẹ. Ní ọdún 2016, kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta ba oko tòmátì jẹ́ ní òkè Ọya, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kaduna fi kéde pé ọ̀ràn náà ti di pàjáwìrì. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ òkè Ọya kò jẹ́ kí ẹrù wá sí gúúsù fún ọjọ́ mélòó kan. Ìgbà náà ni ẹni tí ó ní igi tòmátì mẹ́wàá ní ẹ̀yìnkùlé mọ̀ pé ọrọ̀ ni òun ní.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa fún yín. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá arúgbó kan ní àdúgbò wa fún wa ní irúgbìn nínú ìgò kékeré. Ó ní ọwọ́ ìyá òun ni òun ti gbà á ní Ìkàrẹ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ ẹ́ tán o." A gbìn ín, ó so jìngbìnnì. Ṣùgbọ́n adùn ọbẹ̀ mú wa gbàgbé. Gbogbo èyí tí ó dára ni a jẹ. Èyí tí ó ti bàjẹ́ ni a fi ṣe irúgbìn, kò sì hù. Kí a tó padà tọ ìyá lọ, ìyá ti sùn, ìgò rẹ̀ sì ti ṣófo.

A ra irúgbìn alápò lọ́jà. Ó so dáradára ní ọdún kìíní, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kò jọ ìyá wọn, nítorí pé ẹ̀yà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi bí i. Tòmátì ìbílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: òdòdó rẹ̀ ń gba ara rẹ̀ lóyún, nítorí náà ọmọ a máa jọ ìyá.

Ta ni ó yọ wá? Ìyá alákàrà ìkòríta wa ni. Ní ọdún tí tiwa so, a fún un ní ọ̀gbìn díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù, èyí tí à bá kó dànù. Òun ni ó tọ́jú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni a ti lọ tọrọ ohun tí ó jẹ́ tiwa tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ọ̀nà rẹ̀ nìyí. Ní ìparí oṣù Kẹjọ, ẹ fọ́n irúgbìn sínú ike tí ó ní ihò nísàlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ tú u gbìn ní ìrọ̀lẹ́, kí àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 2 wà láàárín wọn. Ẹ má ṣe gbìn ín sí ibi tí ata tàbí ikàn ti kúrò láìpẹ́, nítorí àrùn kan náà ni ó ń bá wọn jà. Ìgbẹ́ adìyẹ tí ó ti jẹrà ni kí ẹ lò. Tútù rẹ̀ a máa jó igi. Ẹ fi ọ̀pá gbè é, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí òjò má baà ta ẹrẹ̀ sí ewé.

Kí ẹnikẹ́ni tó ká a, ẹ so okùn mọ́ igi tí ó dára jù lọ. Ẹ jẹ́ kí èso rẹ̀ pọ́n dénú, kí ẹ fún kóró àti omi rẹ̀ sínú ife, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 sí 3 kí ó kan. Ohun yíyọ̀ tí kì í jẹ́ kí kóró hù yóò tú kúrò. Ẹ da èyí tí ó léfòó nù, ẹ fọ èyí tí ó rì, ẹ sá a sórí àwo lábẹ́ ibòji. Bí ó bá gbẹ, ẹ fi í sínú ìgò, ẹ dé e pinpin, ẹ kọ ọdún sí i lára. Yóò wà láàyè ju ọdún 3 lọ.

Ìjọba àpapọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn, NACGRAB, tí ó ń tọ́jú irúgbìn. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n irúgbìn tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé mẹ́ta kò ní tètè parun. Nítorí náà, kí a tó jẹ èso kìíní, kí a ti mọ ilé méjì tí a ó fún. Ohun tí a fi fún aládùúgbò ni ó kù fún wa.