Afòmọ́ Iwájú Ọ̀rọ̀ nínú Èdè Welsh



Ní ọdún 1588 ni odidi Bíbélì tí àlùfáà William Morgan túmọ̀ tẹ àwọn ará Wales lọ́wọ́ ní èdè wọn. Ẹni tí ó bá ń kọ́ èdè náà yóò tètè rí i pé ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni kò fi gbòǹgbò rẹ̀ hàn ní gbangba. Afòmọ́ tí a lẹ̀ mọ́ iwájú wọn ni ó fà á.

Nínú èdè tiwa, bí a bá fi “àì” ṣáájú “gbàgbọ́”, “àìgbàgbọ́” ni a ó rí. “Gbàgbọ́” kò yí padà. Ní Wales kò rí bẹ́ẹ̀. “Teg” ni ohun tí ó tọ́. Bí “an” bá ṣáájú rẹ̀, ó di “annheg”, ohun tí kò tọ́. “Posibl” ni ohun tí ó ṣeé ṣe. Èyí tí kò ṣeé ṣe ni “amhosibl”. Ẹ kíyè sí i pé afòmọ́ náà pàápàá ti di “am”.

Afòmọ́ “di” ń fi àìní hàn. “Pechod” ni ẹ̀ṣẹ̀. “Dibechod” ni aláìlẹ́ṣẹ̀: “p” ti rọ̀ di “b”. “Gwerth” ni láárí. “Diwerth” ni aláìníláárí: “g” ti pòórá pátápátá. Bákan náà ni “ail”, tí í ṣe ìkejì: “geni” ni bíbí, “aileni” sì ni àtúnbí.

Nípa ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń ti inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ mú tuntun jáde. Láti ara “rhyng”, tí í ṣe àárín, àti “gwlad”, tí í ṣe ilẹ̀, wọ́n ṣe “rhyngwladol”, ohun tí ó kan orílẹ̀-èdè púpọ̀. Síbẹ̀, ní 1847, àwọn aṣojú ìjọba kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé ìdènà ni èdè yìí jẹ́ fún ìlọsíwájú àwọn ènìyàn náà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní ayé ìgbà náà, wọ́n a fi igi kọ́ ọmọ tí ó bá sọ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n èdè náà kò kú: ní ìkànìyàn ọdún 2021, bí ènìyàn 538,000 ní Wales ni ó sọ pé àwọn gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan parí. “Cofio” ni ìrántí. “Anghofio” ni ìgbàgbé. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé “c” ni ó di “ngh” yóò rí ìrántí nínú ìgbàgbé. Ẹ̀yin ará, ẹni tí kò kọ́ ọmọ rẹ̀ ní gbòǹgbò èdè rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbàgbé.