Ìwọ̀, Ekòló àti Odò Ẹ̀yìn Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé gbogbogbòò wa ní Woodbridge

Akọ̀wé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni a ní. A ó gbìyànjú.

Ẹ ti mọ ohun tó gbé wa dúró síbí. Ní ìgbà ìrúwé tó kọjá, nígbà tí a kó àwọn ọmọ lọ sí etí odò, ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, yọ̀ ṣubú sínú omi. Omi náà kò ju ìbàdí àgbà lọ, ṣùgbọ́n yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ tán lókè odò ni, òtútù náà sì gba èémí lẹ́nu ọmọ débi pé kò lè pariwo. Ọ̀kan nínú wa ló bẹ́ sómi tó gbé e jáde. A bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, a fi kóòtù wa wé e, a gbé e sínú ọkọ̀, a tan híítà, a sì pe ìyá rẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Olódùmarè, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti pín sí méjì nínú ẹgbẹ́. Àwọn kan ní kí a fòpin sí ọ̀rọ̀ ìpẹja yìí, pé a kò wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Kánádà kí a lè wá di apẹja. Àwọn kan ní kí a máa bá a lọ. Ìgbìmọ̀ wá ní kí àwa tí a ń kó àwọn ọmọ lọ wá wí tẹnu wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ èyí: ẹ̀bi ọjọ́ náà, tiwa ni. Àgbàlagbà méjì ni a jẹ́, ọmọ mẹ́sàn-án ló wà lọ́wọ́ wa, a sì jẹ́ kí wọ́n fi bàtà kánfáàsì gun òkúta tó ń yọ̀. A kò ní àwáwí kankan. Ìyá ọmọ náà jókòó síbí lónìí, òun ló sì fún wa láyè kí a sọ ọ́ ní gbangba.

Odò wo gan-an ni? Ọ̀pọ̀ nínú yín ń gba orí rẹ̀ kọjá lórí Highway 7 lójoojúmọ́ láì yí ojú wò ó. Humber ni orúkọ rẹ̀. Láti òkè Niagara Escarpment ni ó ti ń bọ̀, ó sì rin nǹkan bíi 100 kìlómítà kí ó tó wọ inú Adágún Ontario. Èyí tí àwa fẹ́ràn jù ni ẹ̀ka rẹ̀ kékeré, East Humber, tó ti apá Richmond Hill wá, tó gba inú ọgbà Boyd kọjá, tó sì wá pàdé odò ńlá ní Woodbridge níbí. Ní oṣù August ẹ lè la ibòmíràn kọjá kí omi má dé orúnkún yín. Bí a bá ní odò, ẹ má ronú odò Ògùn o. Irú odò tí a máa ń sọdá lọ sóko ni kí ẹ fi sọ́kàn.

Ẹnìkan bi wá léèrè ìdí tí àfonífojì náà fi ṣófo báyìí, tí kò sí ilé níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilé ti gba gbogbo ibi tó kù ní Woodbridge. Ìjì kan ló dé ní 15 October 1954, Hazel ni wọ́n pè é. Òjò alẹ́ ọjọ́ kan yẹn sọ odò kékeré yìí di òkun. Ènìyàn 81 ló kú ní Ontario, Woodbridge náà sì pàdánù ènìyàn àti ilé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba gba ilẹ̀ etí odò, wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó o sílẹ̀ ní 1957, wọn kò sì jẹ́ kí ènìyàn kọ́lé síbẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tí a ń dúró sí láti ju ìwọ̀, àwọn tó kú ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún wa. Nítorí náà, ẹni tó bá ní a kò mọ̀ pé odò kékeré lè pani, a mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ nípa ìpẹja fúnra rẹ̀. Ta ni kò ṣe é rí nílé nínú wa? Ọparun kan, okùn ọ̀rá, ìwọ̀ tí a rà lọ́jà, ekòló láti ẹ̀yìn balùwẹ̀. A ó so ṣùkù àgbàdo gbígbẹ mọ́ okùn, tàbí kí a gé lára sálúbàtà tó ti já, kí ó máa léfòó. Bí ó bá ti rì, èpìyà tàbí àrọ̀ ti jẹ ẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà kan náà ni a ń lò níbí. Ohun tó ń léfòó yìí ní oríṣiríṣi lọ́jà, pupa, yẹ́lò, ewé. Àwọn ọmọ ti sọ ọ́ lórúkọ, Léfòó ni wọ́n ń pè é. Ekòló náà, rírà ni a ń rà á. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ nílé pé ẹ ń fi dọ́là ra ekòló, wọn á ní orí yín ti dàrú. Bẹ́ẹ̀ sì ni òwò ńlá ni ní Ontario: lóru ni àwọn òṣìṣẹ́ ń de iná mọ́ orí, tí wọ́n ń tẹ̀ kiri inú oko láti ṣa ekòló, tí wọ́n sì ń kó o lọ tà dé Amẹ́ríkà.

Lábẹ́ Léfòó ni a ń fún àwọn ọta kéékèèké mọ́ okùn kí ìwọ̀ lè rì. Èyí tó wúwo a wà lókè, èyí tó fúyẹ́ a wà nítòsí ìwọ̀. A kì í lo ọta òjé, tánńganran ni, nítorí pé àwọn ẹyẹ odò ń gbé òjé mì, ó sì ń pa wọ́n. Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ kò ju èyí lọ: kí ìjẹ máa lọ bí ẹni pé kò sí okùn lára rẹ̀. Ekòló tí omi gbé kì í dúró lójú kan, kì í sì í sáré ju omi lọ. Bí okùn bá dùbúlẹ̀ lójú omi, ìṣàn á fà á, Léfòó á máa sáré, ẹja á sì mọ̀ pé ẹ̀tàn wà níbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe ń lo ọ̀pá gígùn, tó tó ẹsẹ̀ bàtà 11 tàbí 13, kí wọ́n lè gbé okùn kúrò lójú omi. Ti àwọn ọmọ kúrú. Èyí tó bá gùn, orí igi ni yóò há sí.

Bí Léfòó bá sùn gbalaja lójú omi, okùn ìsàlẹ̀ ti gùn jù, ọta ti jókòó sílẹ̀. Bí ó bá ń tẹríba lemọ́lemọ́ bí ẹni ń tòògbé, òkúta ni ìwọ̀ ń kàn. Ẹ dín okùn kù díẹ̀. Bí ó bá dúró ṣánṣán tó sì ń bá omi rìn, ẹ ti gbà á. Ní ti ibi tí ẹja wà, ẹ wo ibi tí omi tó ń sáré ti pàdé èyí tó ń rọra lọ. Ipa ọ̀nà tí ìfófòó omi ń gbà, ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà. Ẹ tún wo abẹ́ igi tó wó sómi, àti kọ̀rọ̀ tí odò ti yà tí ó sì jìn. Ẹja máa ń kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ gbà wá. Ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sómi. Ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ gbìgbì, ẹja ti gbọ́ ọ kí ó tó tú okùn.

Ẹja tí àwọn ọmọ ń mú jù kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ìyá wa kan wò ó, ó ní èyí kò tó run ata. Òótọ́ ni. Ó ní kí ló dé tí a tún ń dá a padà, ṣé a ń fi ẹja ṣeré ni? Ìdí rẹ̀ nìyí. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹja kékeré kan wà ní orísun odò yìí, redside dace, tó ní ilà pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó máa ń fò sókè mú kòkòrò. Ó ti fẹ́ tán ní Ontario, òfin sì ń dáàbò bò ó. Ẹni tó bá ṣèèṣì mú un gbọ́dọ̀ dá a padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, omi tí títì àti òrùlé ìlú ń ṣàn sínú rẹ̀ kì í ṣe omi tí a ń jẹ ẹja rẹ̀ láì bìkítà. Ìjọba ní ìwé tó sọ iye ẹja odò kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn lè jẹ lóṣù, ẹ kà á. Ẹja ọbẹ̀, ẹ lọ rà á lọ́jà.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan a máa ń rí trout, ọmọ tó mú un á sì máa gbọ̀n bí ewé. Bí ìgbà ìwọ́wé bá dé, salmon ńláńlá á máa gòkè láti inú adágún. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Old Mill ní Toronto kí wọ́n lọ wò wọ́n bí wọ́n ti ń fò. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ọmọ ibí. Salmon tó ni adágún yìí tẹ́lẹ̀ ti tán níbẹ̀ nígbà tí ó fi di 1898. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kó ti òkun Pacific wá. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2006 láti dá onílé padà, Humber sì wà lára àwọn odò tí wọ́n tú ọmọ ẹja sí.

Ní ti òfin, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí pé a ti fi owó kọ́ ọ. Ẹni tó ń gbé ní Kánádà, tó jẹ́ ọdún 18 sí 64, gbọ́dọ̀ ra ìwé àṣẹ ìpẹja. Àwọn ọmọdé àti àwọn tó ti pé 65 kò ní láti rà á, kí wọ́n ṣáà mú ìwé ìdánimọ̀ tó ní ọjọ́ ìbí wọn dání. Ṣùgbọ́n àlejò ń kọ́? Bàbá ọ̀kan nínú wa wá kí wa láti Ìbàdàn, ẹni ọdún 72. A rò pé ọjọ́ orí bàbá ti tó, a gbé ọ̀pá lé wọn lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ kan dé, ó kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì já ìwé ìtanràn fún bàbá. Àlejò tó bá ti tó ọdún 18 gbọ́dọ̀ ra ìwé tirẹ̀, bó ti wù kí ó darúgbó tó. Ojú tì wá ju bàbá lọ. Àwọn ń rẹ́rìn-ín ni, wọ́n ní ìtàn tí àwọn yóò sọ nílé ti pé. Ọjọ́ ọ̀fẹ́ wà fún àwọn tó ń gbé Kánádà: òpin ọ̀sẹ̀ Family Day, ti ọjọ́ àwọn ìyá, ti ọjọ́ àwọn bàbá, àti ọ̀sẹ̀ kan ní àyíká ìbẹ̀rẹ̀ oṣù July. Àkókò ti trout náà ní ìlẹ̀kùn: ní agbègbè wa, tí ìwé òfin pè ní Zone 16, Sátidé kẹrin oṣù April ni ó ń ṣí, 30 September ni ó ń tì, àfi ní àwọn apá odò kan tí wọ́n fi kún un. Ẹ máa ka ìwé náà lọ́dọọdún, wọ́n ń yí i padà.

Ó ku ìdí tí a fi ń lọ. A ti ná owó lórí kíláàsì Yorùbá, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ń wá, wọ́n ń ka á bí dí, wọ́n ń lọ sílé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń béèrè omi. Lẹ́bàá odò, ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Léfòó bọ́ sísàlẹ̀, ọmọ tí kì í dá wa lóhùn ní Yorùbá rí lọgun pé, "Bàbá, ó ti rì! Ó ti rì!" Kò dúró ronú kí ó tó sọ ọ́. Wọ́n mọ ìwọ̀, wọ́n mọ ekòló àti ẹrẹ̀, wọ́n mọ rọra. Bàbá wa kan sì wà, tí ìyàwó wọn ti ṣaláìsí, tí wọ́n ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ nílé ọmọ wọn, tí a kì í gbọ́ ohùn wọn ní ìpàdé. Àwọn ló fi ẹ̀ka igi etí odò hun ìgèrè han àwọn ọmọ, tí wọ́n sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì láì sinmi. A kò dẹ ìgèrè náà o, òfin kò gbà á. Orí fèrèsé ni wọ́n gbé e sí. Ìyá wa láti Òṣogbo, níbi tí a kì í ti í fọwọ́ kan ẹja Ọ̀ṣun, kò gba ìwọ̀ dání títí di òní. Àga ni wọ́n máa ń gbé wá jókòó, a kò sì bá wọn jiyàn.

Ọmọ tó ṣubú yẹn ńkọ́? Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ló bi ìyá rẹ̀ nígbà wo ni a tún ń lọ. Ìyá ní kò sí ìgbà kankan. Ó ń béèrè títí. Ní oṣù June, ìyá fúnra wọn mú un wá, wọ́n dúró tì í láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, wọ́n di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú. Wọ́n kò tíì dárí jì wá tán, wọ́n sì ní kí a sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Bí ẹ bá gbà wá láyè, báyìí ni a ó ṣe máa lọ. Àgbà kan fún ọmọ méjì. Bí àgbà kò bá pé, a ó yí ọkọ̀ padà. A kò ní lọ kí oṣù May tó dé ìdajì. Bí omi bá kún tí ó sì pọ́n bí ẹrẹ̀, a kò ní sún mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ pé a ti dé ibẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì tó ń gbéni léfòó jẹ́ dandan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14, fèrè kan lọ́rùn olúkúlùkù, aṣọ gbígbẹ nínú ọkọ̀. A kò ní tẹ orí yìnyín láéláé. Jákẹ́ẹ̀tì mẹ́fà ni a ní nílẹ̀. Mẹ́rin ló kù kí ó tó wa, owó rẹ̀ sì ni ohun kan ṣoṣo tí a ń tọrọ lọ́wọ́ àpò ẹgbẹ́.

Alága, a ti lo ìṣẹ́jú yín tán. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun wà lára àwọn tó ń lọ ní May, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé tó wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, kí ó sì kọ nọ́mbà bàtà ọmọ náà, nítorí pé bàtà òjò ni a ó kọ́kọ́ rà.