Ẹ sọ ọ́ fún wọn kí èsì tó jáde

Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá àwọn òbí sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, lórí Zoom, ní Sátidé, September 26, 2020

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Tin Can, tẹ́ ẹ ń fi etí kan gbọ́ wa láàárín tírélà, ẹ kú ìfaradà.

Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má rá a lọ́wọ́, tótó ó ṣe bí òwe o. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ fà mí létí. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí òbí ṣe lè dúró ti ọmọ tó ń retí èsì WAEC. Mo bi bàbá alága pé, "Bàbá, èmi tí mi ò tíì bímọ?" Wọ́n ní torí ìyẹn gan-an ni àwọn ṣe pè mí, pé mi ò tíì gbàgbé bó ṣe máa ń rí.

Òótọ́ ni. Mi ò gbàgbé.

Ọdún 2015 ni mo ṣe WAEC tèmi. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù nígbà yẹn. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló mọ̀ pé ọmọ wọn máa di ẹnjiníà. Ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu géètì mọ̀. Mẹkáníìkì àdúgbò mọ̀. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ẹnjiníà, ibo là ń lọ?" Màá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n inú mi kì í dùn, ẹ̀rù ló máa ń bà mí, torí èmi nìkan ni mo mọ bí mo ṣe kọ Máàsì.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, mo ra káàdì, mo wọ kàfé kan nítòsí Boundary. Àwọn yòókù dára díẹ̀díẹ̀. Máàsì: F9. Mo ń wò ó títí àkókò tí mo sanwó fún fi tán, tí kọ̀ǹpútà kú mọ́ mi lójú. Mi ò lè lọ sílé. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Boundary dé Wilmer, mo rìn láti Wilmer dé Mile 2, mo lọ jókòó sábẹ́ bíríìjì, mò ń wo dánfó. Ilẹ̀ ṣú. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: bàbá mi kì í na ọmọ. Kì í ṣe ẹgba ni mò ń sá fún. Ojú wọn ni mò ń sá fún.

Kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan tó ń gbé àdúgbò wa ló rí mi, ló gbé mi dé ilé, kò gba kọ́bọ̀. Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò bi mí léèrè ohun tí mo gbà. Wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ìgbà tí mo jẹun tán, wọ́n ní: "Gbogbo ayé ni mo sọ fún pé wàá yege. Ìwọ nìkan ni mi ò sọ fún pé bó ò bá yege, ọmọ mi náà ni ẹ́. Ẹ̀bi mi nìyẹn."

Ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ tí mo bá wá lónìí ò ju ìyẹn lọ. Ẹ sọ ọ́ fún wọn kí èsì tó jáde. Tó bá ti jáde tán, ọmọ á rò pé ẹ kàn ń tu òun nínú ni. Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ nísinsìnyí, tẹ́nikẹ́ni ò tíì mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn, ó máa gbà yín gbọ́.

Ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé lọ́dún 2015 yẹn, 38.68 nínú 100 péré ló ní kirẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Máàsì. Ìyẹn ni pé ju ìdajì wa lọ ni kò rí i gbà. Èmi rò pé èmi nìkan ni lábẹ́ bíríìjì yẹn. Lọ́dún tó kọjá, 2019, ó ti gòkè dé 64.18. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ó: nínú ọmọ mẹ́ta, ó ku ẹnì kan tó ń wá ọ̀nà ilé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo tọdún yìí. Ẹ má jẹ́ ká gbàgbé ohun tí ojú àwọn ọmọ yìí rí. Wọ́n ṣe JAMB láàárín March 14 sí 21. Nígbà tó di March 23, Èkó ti ilé ìwé pa. WAEC tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní April 6 ò bẹ̀rẹ̀ mọ́. Kónílé-ó-gbélé dé. Wọ́n ní ká máa gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àbí? Ẹ̀yin náà mọ ilé wa l'Ájégúnlẹ̀: yàrá kan, èèyàn mẹ́fà, fóònù kan, iná ò sí. Ọmọ tó fẹ́ kàwé máa dúró kí ìyá ẹ̀ sùn kó tó rí fóònù mú. Ní July 8, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Adamu Adamu, ní àwọn ọmọ Nàìjíríà ò ní ṣe WAEC ọdún yìí. Àwọn kan gbé ìwé sílẹ̀. Kí oṣù tó parí, wọ́n ní wọ́n máa ṣe é. Èkó ṣí ilé ìwé fún SS3 ní August 3, ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní August 17. Ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀! Wọ́n fi ìbòmú kọ ọ́ títí di September 12. Ọmọ tó bá jókòó parí ìdánwò yẹn, ẹ kí i kú iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó bi í léèrè ohunkóhun.

Ẹ̀yin èèyàn wa ní London, ọ̀rọ̀ yìí ò yọ yín sílẹ̀. Tiyín tiẹ̀ yàtọ̀. Wọn ò jẹ́ kí àwọn ọmọ yín ṣe A-level rárá, wọ́n ní kí olùkọ́ fún wọn ní máàkì, kọ̀ǹpútà wá tún máàkì ọ̀hún ṣe. Ìgbà tó jáde ní August 13, nǹkan bí 40 nínú 100 máàkì tí àwọn olùkọ́ fi sílẹ̀ ní England ni wọ́n ti fà wálẹ̀. Àwọn ọmọ tú sígboro. Ní August 17, ọjọ́ kan náà tí tiwa wọlé lọ kọ WAEC, ìjọba wọn yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n ní ti olùkọ́ ni àwọn máa gbà. Ẹ rí i pé ìwé èsì kì í ṣe Ọlọ́run. Ó lè jẹ́ F lónìí, kó di nǹkan míì lọ́la.

Ó dáa. Kí la máa wá ṣe láàárín àkókò yìí? Ó sábà máa ń tó ọjọ́ 45 lẹ́yìn ìdánwò kí WAEC tó gbé èsì jáde, nítorí náà a ṣì ní bí oṣù kan níwájú.

Èkíní, ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kó wọn pamọ́. "Ṣé orí méjì ni ọmọ Lágbájá ní?" Ìyẹn kan. Ìka ò dọ́gba. "Gbogbo owó tí mo ná lé ẹ lórí!" Ìyẹn méjì. Ọmọ mọ iye tẹ́ ẹ ná. Ó rí yín nígbà tí ọjà ò tà ní Boundary, ó rí yín nígbà tí wọn ò pè yín síṣẹ́ ní wáàfù. "Jẹ́ kí èsì yẹn jáde ná, wàá rí mi." Ìyẹn mẹ́ta. Ẹ̀yin á rò pé ẹ̀ ń fi ṣeré. Ọmọ yẹn ò ní sùn lóru.

Èkejì, ẹ má polongo. Mo mọ̀ pé ó ṣòro. Ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́ lórí gúrúùpù ìdílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sáláṣí, pé dókítà ń bọ̀, ẹrù lẹ ń gbé lé ọmọ lórí. Ẹ gbàdúrà fún un, kó gbọ́ ọ, kó ṣe àmín. Ó tó.

Ẹ̀kẹta, ẹ fún wọn ní nǹkan ṣe, àmọ́ kó má jọ ìyà. Ẹ jọ jókòó, kẹ́ ẹ bi í: iṣẹ́ wo lo fẹ́ mọ̀? Títún fóònù ṣe, aṣọ rírán, irun dídì, tàbí kó máa kọ́ àwọn àbúrò ní ìwé. Ọmọ tó jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú ìrònú, ìta l'Ájégúnlẹ̀ máa rí iṣẹ́ fún un. Ẹ̀yin náà mọ irú iṣẹ́ tí mò ń wí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ ní Maracana pẹ̀lú. Odion Ighalo tó lọ sí Manchester United níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, l'Ájégúnlẹ̀ yìí náà ló dàgbà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé àwọn mọ ẹnì kan tó máa bá wa sọ F di B. Irọ́ ni. Yunifásítì máa ń yẹ èsì wò lọ́dọ̀ WAEC fúnra ẹ̀. Owó á lọ, èsì ò ní yí, ẹ sì ti kọ́ ọmọ yín pé ojúlówó iṣẹ́ ẹ̀ ò tó.

Ẹ̀karùn-ún, èyí ló ká mi lára jù. Bí ọmọ tó máa ń pariwo bá dákẹ́, bí ò bá jẹun, bí ò bá sùn, tàbí tó ń sùn tọ̀sán tòru, ẹ má sọ pé ìwà ló ń hù. Bó bá ní, "Ó sàn kí n má sí láyé," ẹ má bú u, ẹ má sì fi ṣeré. Ẹ jókòó tì í, ẹ bi í léèrè gbangba, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Àdúrà dáa, ilé ìwòsàn náà dáa, kí ìkan má dí èkejì lọ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo wà ní Mile 2, mi ò mọ ohun tí mò bá ṣe ká ní kọ̀ńdọ́kítọ̀ yẹn ò kọjá. Mi ò sọ eléyìí fún bàbá mi rí. Wọ́n wà lórí Zoom yìí. Bàbá, ẹ má bínú.

Lọ́jọ́ tí èsì bá jáde, ẹ má jẹ́ kí ọmọ dá lọ sí kàfé. Ẹ bá a lọ, tàbí kí ẹ pe ọ̀kan nínú wa. Kó jẹ́ òun fúnra ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò ó. Ẹ má ya fọ́tò ẹ̀ sórí gúrúùpù láì gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀. Bó dáa, ẹ dúpẹ́. Bí ò dáa, oúnjẹ ni kó kọ́kọ́ jẹ. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé di ọjọ́ kejì.

Lọ́jọ́ kejì náà, ilẹ̀kùn ò tì. NECO máa bẹ̀rẹ̀ ní October 5, nítorí náà àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n múra sí i nísinsìnyí, kí wọ́n má jókòó ti WAEC. GCE wà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń gba èsì ìdánwò méjì pọ̀. Ẹni tí JAMB ẹ̀ ò pé 160 tí ìjọba ní yunifásítì wọn lè gbà, polí wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gàn.

Àwa ọ̀dọ́ náà ò ní ká ẹsẹ̀ kò. ASUU ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ láti March, ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní yunifásítì wà nílé, à ń retí bíi ti àwọn ọmọ yín. Mẹ́ta nínú wa ti gbà láti máa kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe NECO ní Máàsì àti Gẹ̀ẹ́sì lórí WhatsApp lálaalẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Èmi ni màá kọ́ wọn ní Máàsì, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti ṣubú nínú kòtò ló mọ ibi tó wà. Ẹ̀yin ará London, dátà la máa tọrọ lọ́wọ́ yín fún àwọn ọmọ tí ò ní.

Èmi náà tún Máàsì kọ nínú GCE ọdún yẹn, mo gba C5. Mo wọ yunifásítì lọ́dún 2017. Jọ́gíráfì ni mò ń kà, kì í ṣe ẹnjiníà. Ìyá oníresì ṣì ń pè mí ní Ẹnjiníà, mo sì ń jẹ́ wọn lóhùn.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra, tótó ó ṣe bí òwe. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún ṣáájú. Tẹ́ ẹ bá ti pa Zoom yìí tán, ọmọ yẹn wà ní pálọ̀ tàbí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ pè é kó jókòó. Kò gbọdọ̀ gùn. "Bó bá dáa, bí ò bá dáa, ọmọ mi ni ẹ́, ilé yìí nilé ẹ." Kẹ́ ẹ wá bi í bóyá ó ti jẹun.